Ìdákẹ́ Táíwò Nínú Ìgbìmọ̀

Ọjọ́bọ̀, Àkúrẹ́.

Ara mi ò balẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ wa tó ń ṣe ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, a kì í dìbò. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ti ta ko àbá, ó di ìlànà nìyẹn.

Èmi alága ni mo dábàá pé kí kọ̀ǹpútà má dúró de ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ bí èsì bá pẹ́, kó gé e kúrò. Mo bèèrè ẹni tó lòdì sí i. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo ní ó ti wọlé.

Níta ni Táíwò, ẹnjiníà tó kéré jù lọ́jọ́ orí láàárín wa, ti wá bá mi. “Ẹ má bínú, sà. Ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, èsì máa ń pẹ́. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ibẹ̀ á kàn máa já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣáá ni.”

Inú fẹ́ bí mi. “Kí ló dé tó ò sọ ọ́ nínú ìpàdé?”

“Ẹ ti sọ̀rọ̀ tán, sà. Ṣé kí n wá máa ta kò yín lójú gbogbo wọn ni?”

Mi ò rí i bá wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà ní Oǹdó nìyẹn. Ìtẹríba ọmọ yìí ni mo kà sí ìfọwọ́sí.

Mo tilẹ̀ gbàgbé agbòjò mi sí yàrá ìpàdé.

Mo ti pe ìgbìmọ̀ padà fún ọ̀la lórí àbá náà. Táíwò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi á sọ tèmi lẹ́yìn gbogbo wọn, bó bá ṣì ku nǹkan tí mo lè sọ.