Píìnì Méje Lẹ́nu Bàbá Télọ̀

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ń san owó oṣù fún ọmọ ẹni, ó yẹ kí bàbá ọmọ máa kí i. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń sùn? Ìyá rẹ ní kí n má béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́, pé obìnrin tó ti bímọ méjì kì í ṣe ẹni tí bàbá ń bi bóyá ó ti jẹun, ṣùgbọ́n èmi ni bírò wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti béèrè. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé gíga tí ẹ̀ ń gbé yẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín ohun rere, kí wọ́n má ṣe fo orúkọ rẹ. Àmín.

Tí o bá béèrè wa, a wà. Orúnkún ìyá rẹ ti sàn díẹ̀. Ajá káfíńtà aládùúgbò wa bí ọmọ mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì jọ káfíńtà, bí wọ́n ṣe máa ń sùn lọ́sàn-án. Afárá tí òjò gbé lọ ní ọ̀nà ilé ìwé àbúrò rẹ, wọn ò tíì tún un ṣe. Àwọn ọkùnrin kan wá fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo sì sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe di téèpù yẹn mú kò dáa, pé wọ́n máa gé afárá náà kúrú. Wọ́n ká téèpù wọn, wọ́n lọ, a ò sì tíì rí wọn láti ọjọ́ náà.

Nítorí ọ̀rọ̀ afárá yìí ni àbúrò rẹ ṣe ń kàwé nínú ilé, lórí fóònù fífẹ̀ tí o fi ránṣẹ́. O ṣé o, ọmọ mi, wàá jèrè ọmọ. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo gbé e sí, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti maṣíìnì, mo sì tẹ́ àjákù aṣọ olówó ńlá kan sábẹ́ rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni tíṣà ń yọjú sí, a ò lè ní kí tíṣà jókòó sórí pákó lásán. Tíṣà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan báyìí ni, Àǹtí Sùúrù ni àwọn ọmọ ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo kí i, mo kí bàbá rẹ̀, mo kí ìyá rẹ̀, mo bi í bóyá ilé tó ń gbé kì í jò. Ogójì ìṣẹ́jú ni kíláàsì náà, ìkíni nìkan gba mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé èjìká òsì búláòsì rẹ̀ ga ju tọ̀tún lọ, mo sì sọ fún un níwájú gbogbo kíláàsì, pé télọ̀ tó rán an ló ṣẹ̀ ẹ́, kó wọn ara rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i, àwòrán ohun tí àwọn èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle yọ lójú fóònù, ìlà pupa kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Káfíńtà ló wá là mí lóye pé tíṣà lè pa ẹnu èèyàn dé láti ibi tó wà, láìfọwọ́ kàn án. Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni? Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ pé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà fún títà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà dákú. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, ló bá dúró gbagidi, ó la ẹnu sílẹ̀, ojú òsì ti pa dé, tọ̀tún là sílẹ̀. Mo ké sí ìyá rẹ. Mo mú páálí, mo ń fẹ́ fóònù náà, ìyá rẹ ń gbàdúrà, àbúrò rẹ sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀, èèyàn ń kú lọ a kì í rẹ́rìn-ín. Ṣàdédé ni tíṣà jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sinmi, kó fi nǹkan sẹ́nu. Káfíńtà ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Èmi ò bá a jà, ṣùgbọ́n páálí yẹn ṣiṣẹ́.

Wọ́n tún fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ nípa bí a ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ nílé. Wọ́n béèrè pé ta ni olùrànlọ́wọ́ ọmọ yìí, mo kọ orúkọ mi. Wọ́n béèrè bó ṣe kàwé tó, mo kọ ọ́ pé mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì fi kún un pé mo gba ipò kẹta nínú ìṣirò ní kíláàsì kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara àwọn méjì kan ò yá lọ́jọ́ náà. Wákàtí mélòó ló ní fún ọmọ lójúmọ́? Mo kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè ohun tí ọmọ náà lè dá ṣe fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi àyè gígùn sílẹ̀. Mo wo àyè yẹn títí. Mo wá kọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣèyọnu, èmi máa bá a ṣe é.

Kí o má bàa rò pé mi ò ṣe nǹkan gidi, mo rán ìbọ̀wọ́ kan fún un. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti bí i ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé lójú fóònù máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rán àpò kékeré mọ́ ara ìbọ̀wọ́ náà, mo ki igi yẹn bọ̀ ọ́, mo fi rọ́bà dì í lọ́rùn ọwọ́. Ní báyìí, tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, igi náà ò lọ síbì kankan. Tíṣà ní kí n rán márùn-ún sí i fún àwọn ọmọ yòókù. Ìyẹn dáa. Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ yìí.

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu àbúrò rẹ, bí òwú tó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ọpọlọ rẹ̀ ti débẹ̀ tipẹ́, ẹnu ló ń rìn bọ̀ lẹ́yìn. Tíṣà á béèrè ìbéèrè, ilé á pa lọ́lọ́. Èmi ò sì lè gba ìyẹn mọ́ra. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé olùkọ́ kì í béèrè ọ̀rọ̀ kí èèyàn máa wò ó lójú bí àgùntàn. Ìwà àfojúdi ni. Nítorí náà, mo máa ń tètè dáhùn kí ojú má bàa tì wá. Ẹẹ́fà lọ́nà méje, mo dáhùn. Kí ló ń mú kí òjò rọ̀, mo dáhùn. Àǹtí Sùúrù á ní ẹ jẹ́ ká dúró dè é, Bàbá. Màá ní kò burú, mo ti dúró, ìdáhùn náà rèé.

Bí èsì ìwé ṣe dé nìyẹn. Tíṣà kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá ń ṣe dáadáa gan-an nínú ìṣirò. Inú mi dùn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà máa rí i. Ìyá rẹ ló ka ìlà tó tẹ̀ lé e, èyí tí mi ò ráyè kà, pé òun ò tíì gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Pé ìdánwò ẹnu máa wà lọ́jọ́ Ẹtì, ìbéèrè mẹ́wàá. Bí ọmọ náà ò bá fi ẹnu ara rẹ̀ gba méje, kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì karùn-ún, wọ́n máa dá a padà sí ìkẹta pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ mi, àbúrò rẹ kọjú sí ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò bá mi ṣeré. Mo já èsì náà kúrò lára ògiri. Mo fi Ọlọ́run búra pé mi ò ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ ní kí n má ti Ọlọ́run bọ ohun tí kò ní tán nílẹ̀, pé ìgbà kan ṣoṣo tí ilé yìí ń sinmi ni ìgbà tí píìnì bá wà lẹ́nu mi.

Òótọ́ ni. Télọ̀ tó bá ki píìnì sáàárín ètè, tó bá la ẹnu, ó gbé e mì. Lọ́jọ́ Ẹtì mo ka píìnì méje, mo tò wọ́n sẹ́nu, mo jókòó sórí àpótí.

Tíṣà béèrè pé ẹẹ́jọ lọ́nà méje ń jẹ́ mélòó. Ìdáhùn náà dé eyín mi, ó ń kan ilẹ̀kùn. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún lójú aago ògiri. Tíṣà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé kò ní ibì kankan tó ń lọ láyé. Àbúrò rẹ fa ọrùn, ó di etí àga mú, ọ̀rọ̀ náà sì jáde, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Òógùn bò mí. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Nígbà tó di ìkẹfà, tíṣà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ àti ìdá kan nínú mẹ́ta, èwo ló tóbi jù. Èmi tí mo ti ń gé aṣọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo ti mọ̀ ọ́n, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Àbúrò rẹ pẹ́, ó pẹ́ gan-an, ó wá ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Mo di ojú mi, mo ní ó ti bọ́. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi, òun ló gbà á! Bí kì í bá ṣe ti píìnì, èmi bàbá rẹ̀ ni ǹ bá ti ọmọ mi sí kòtò. Mo tún ìdá náà ṣe lórí aṣọ lẹ́yìn náà, òótọ́ ni, ẹnì kan sì ti wà tí mo jẹ ní àjákù aṣọ látọdúnmọ́dún láìmọ̀.

Nígbà tó kan ìkẹwàá, tíṣà ní kó sọ nǹkan kan nípa ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ nílé. Ó ní bàbá òun ni, pé bàbá òun mọ nǹkan rán, àti pé òní ni òun kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ parí níwájú bàbá òun. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, ṣùgbọ́n ẹnu mi là gbàgà, píìnì sì dà sílẹ̀ wàrà.

Mo ṣà wọ́n. Mẹ́fà ni. Mo tún wọn kà. Mẹ́fà. Mo pe ìyá rẹ, mo sọ fún un pé mo ti gbé píìnì mì, pé maṣíìnì mi kí ó di ti àbúrò rẹ, sísọ́ọ̀sì ńlá kí ó di tìrẹ, kí káfíńtà má sì gba owó pákó pósí lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó ṣì jẹ mí ní ṣòkòtò kan. Àbúrò rẹ ń fa aṣọ mi, ó ń pe Bàbá, Bàbá. Mo ní kó má sunkún, mi ò tíì kú. Ó tún fà á. Mo ní ọ̀rọ̀ ìdánwò la máa sọ tí mo bá padà, bí mo bá padà. Mo gun alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé mi síwájú ẹ̀rọ tó ń ya inú èèyàn, ó ní kí n má mí, kí n má sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ya àwòrán náà torí pé mò ń ṣàlàyé. Wọn ò rí nǹkan kan. Mo fi ọ̀kan sínú lẹ́tà yìí kí o lè rí i pé inú mi mọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ gbera. Ó ní kí n jókòó kí n panu mọ́, pé láti ìgbà tí mo ti ń pín ogún ni ọmọ mi ti ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ. Mo jókòó. Kò sí píìnì kankan lẹ́nu mi. Mo dúró dè é. Àbúrò rẹ ní òun ti ṣà á kí n tó kúrò nílé, ó sì ṣí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Píìnì keje ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnì, ọwọ́ tí mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé èmi máa bá a ṣe é, ló ṣa píìnì nílẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá rẹ ní òun wo aago, pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.

Tíṣà fi èsì ránṣẹ́ lánàá. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kíláàsì karùn-ún ni o! Mo ti béèrè fọ́ọ̀mù yẹn padà. Àyè gígùn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ báyìí, kò sì tíì tán.

Kíláàsì tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, tíṣà sì ní bọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé kan wà tí lẹ́tà orí rẹ̀ tóbi bí bọ́tìnì kóòtù, pé ó máa ràn án lọ́wọ́. Bá wa wá a. Kí o sì fi owó dátà sí i, torí pé ẹni tó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ ń jẹ dátà ju ẹni tó ń kánjú lọ, owó yẹn kò sì dùn mí mọ́. Bẹ́líìtì maṣíìnì mi náà ti já, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣe tàbúrò rẹ. Tí o bá san án sí báǹkì, ó dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tó kọjá tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún mi pé owó dé, mo kọ̀wé padà, mo dúpẹ́, mo kí àwọn ará ilé wọn, wọn ò fèsì títí di òní. Èèyàn lè lówó kó má lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ibi tí ayé bá ti fẹ́ ya mọ́ ọ lára, Ọlọ́run á bá ọ rán an, ojú rírán kò sì ní hàn. Ohun tí o bá fi ọwọ́ kàn, kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìyá rẹ kí ọ. Káfíńtà ní ṣé o fẹ́ ajá.

Èmi ni bàbá rẹ.

Àbúrò rẹ ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tòun sí i. Mo gbé bírò sínú ìbọ̀wọ́ fún un, mo sì jáde lọ jókòó síta. Mi ò mọ ohun tó kọ.

Ẹ̀GBỌ́N MI, Ẹ KÚ IṢẸ́. MO WỌ KÍLÁÀSÌ KARÙN-ÚN. BÀBÁ Ń YỌJÚ LÓJÚ FÈRÈSÉ, ṢÙGBỌ́N WỌN Ò SỌ̀RỌ̀.