Jíìpù Tí Ẹ Ní Kí N Má Sọ̀rọ̀ Rẹ̀ fún Ẹnikẹ́ni

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé,

Mi ò ní fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀. Inú ń bí mi sí yín. Lánàá, mo dúró níwájú sàréè yín, mo fẹ́ ṣàdúà bí mo ti máa ń ṣe, ẹnu mi ò là. Ni mo bá padà sílé, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà gbé mi ṣubú.

Ọ̀rọ̀ jíìpù yín ni.

Nígbà ayé yín, kò sí Sátidé tí ẹ kì í wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wa ní Kẹ́mta ló mọ̀. Ẹ ó tẹ́ ẹní gbígbó sílẹ̀, ẹ ó rá wọ abẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ yín nìkan la ó máa rí. Ẹ ó kó nọ́ọ̀tì tí ẹ bá tú lára rẹ̀ sínú fìlà kí wọ́n má baà sọnù. Tó bá yá, ẹ ó gbàgbé, ẹ ó gbé fìlà dé, nọ́ọ̀tì á wá máa já lu ìmú yín. Èmi ni mo máa ń ṣà wọ́n nílẹ̀, tí n ó máa rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín báyìí, ìyẹn gan-an sì tún ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ẹ fi àkísà nu ọwọ́, ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ẹ wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ ní, "Nǹkan ẹ nìyí. Ọjọ́ tí mo bá lọ, ìwọ lo ni ín. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, kí wọ́n má lọ máa jowú ẹ." Ilé ìwé girama ni mo ṣì wà nígbà náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́ bí ẹni gbé wúrà pa mọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi òpin ọ̀sẹ̀ sinmi, èmi ń gbé fílítà ọ́ìlì wálé nínú báàgì ọ́fíìsì. Ẹ ò lè sọ pé mi ò ṣe é.

Ẹ wá kú. Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, Ààfáà wá pín ogún. Ilé ò fa ìjà, ṣọ́ọ̀bù ò fa ìjà. Nígbà tó kan jíìpù, mo rọra sọ pé ẹ ti fún mi kí ẹ tó kú. Bọ̀dá Raṣídì, ẹ̀gbọ́n mi, dìde, ó ní irọ́ ni, òun lẹ fún. Kó tó jókòó, Mùkáílà, àbígbẹ̀yìn yín, náà ti ń pariwo pé òun ni. Ààfáà bi wá, ta ni ẹlẹ́rìí wa? A ò ní ẹlẹ́rìí. Báwo la ṣe fẹ́ ní ẹlẹ́rìí nígbà tí ẹ ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni?

Bọ̀dá nàka sí mi níwájú gbogbo ẹbí. "Ìwọ obìnrin, kí lo fẹ́ fi jíìpù ṣe? Elékèé! O ń purọ́ mọ́ òkú!"

Bàbá, mo ní kí wọ́n gbé Kùránì wá. Mo fi búra. Bọ̀dá náà gbà á, ó búra. Mùkáílà búra. Ààfáà alára dorí kodò. Wọ́n ní ká fi mọ́tò náà síbi tó wà títí ọkàn wa á fi rọ̀.

Ọkàn wa ò rọ̀. Jíìpù tó ti fẹ́ di kóńdẹ́ḿ nígbà tí ẹ fi sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe jà dù ú. Bọ̀dá gbé táyà tuntun wá láti Ìbarà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo mú mẹkáníìkì wá, a sọ gíà kalẹ̀, a tún gíà kékeré tó ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà ṣe, èyí tí ẹ ti fi wáyà so láti ọdún gbọọrọ tí ẹ ní ó ń ṣiṣẹ́. Mùkáílà ní tiẹ̀ kun gbogbo ara rẹ̀, ó de irin ìkẹ́rù sórí rẹ̀, ó sì gbé iná ńláńlá méjì síwájú. Bó ṣe rí ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Bí Bọ̀dá bá wà níwájú mọ́tò, ẹ̀yìn ni n ó wà. Tí mo bá fẹ́ sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbé e sílẹ̀, n ó wá lọ mú un. Àwọn ará àdúgbò a máa kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò rí bí àwọn ọmọ bàbá yìí ṣe fẹ́ràn ara wọn!" A ó dáhùn, a ó ní ẹ ṣé.

Abọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Màmá fi ń gbé oúnjẹ wá fún wa. Wọ́n ń rù sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí ibà dá Mùkáílà dùbúlẹ̀, wọ́n gbààwẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Mo rò pé ọ̀fọ̀ yín ló ń ṣe wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá mú ẹni tó fẹ́ ra jíìpù wá. Mo dùbúlẹ̀ síwájú táyà. Mùkáílà fa ẹ̀wù Bọ̀dá mú lọ́rùn. Màmá jáde pẹ̀lú ìborùn tí wọ́n fi kírun, wọn ò wo ẹnì kankan nínú wa. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gòkè sí ìjókòó awakọ̀, wọ́n di ìdarí mọ́tò mú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá yín ti fún mi ní mọ́tò yìí. Wọ́n ní àwọn á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á, kí n máa fi kó ẹ̀gẹ́ mi láti oko Kọ́bapẹ́. Wọ́n ní, 'Nǹkan ẹ nìyí. Ọjọ́ tí mo bá lọ...'"

"'...ìwọ lo ni ín,'" Bọ̀dá bá wọn parí ẹ̀. "'Má sọ fún ẹnikẹ́ni o.'"

Mùkáílà jọ̀wọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Màmá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sọ ọ́ fún?" Wọ́n gbé orí lé ìdarí, họ́ọ̀nù ń dún, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pe Alihamudulilahi. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ ohun tó wà nínú wọn. Láti ọjọ́ tí a ti búra ni wọn ò ti sùn dáadáa. Wọ́n mọ̀ dájú pé àwọn lẹ fún, nítorí náà wọ́n gbà pé gbogbo ọmọ wọn ló fi Kùránì búra èké. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, kó má di pé ìyá ló tú àṣírí ọmọ. Wọ́n kàn ń wo ẹni tó máa kọ́kọ́ kú nínú wa.

Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Obìnrin tó ń fi kẹrosíìnì fọ ọ́ìlì kúrò lára aṣọ yín, ẹ jẹ́ kó máa retí òkú ọmọ rẹ̀ nítorí ẹnu dídùn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ elékèé lójú ẹ̀gbọ́n mi. Kí ló dé? Ṣé ẹ ò lè dárúkọ ẹnì kan ni? Àbí ẹ kàn ń wá ẹni tó máa bá yín mú sípánà? Bó bá jẹ́ ìyẹn ni, ó dùn mí jù. Mi ò nílò jíìpù kí n tó lè jókòó tì yín ní Sátidé. Ẹ ò bá kàn pè mí. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?

Ẹni tó fẹ́ rà á ti lọ. Màmá ló ni jíìpù báyìí. Mùkáílà ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wà á lójú ọ̀nà oko, wọ́n ti fi pa ebè olóko kan run. Inú ò bí wọn sí yín, wọ́n ní bí ẹ ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì ní kí n dárí jì yín.

Bọ̀dá wá bá mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ó ní kí n má bínú. Èmi náà kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mùkáílà bẹ àwa méjèèjì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ bẹ Màmá.

Ẹ̀yin nìkan ló kù.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tínú ṣì ń bí.