Tanwíjí Orí Sàréè Yín

Bàbá mi, ọkọ Màámi,

Mo ti dé láti òkè òkun. Yorùbá mi ṣì ń kọsẹ̀ o, ẹ bá mi fara dà á. Mò ń kọ́ ọ padà ni.

Iṣẹ́ ẹ̀fọn ni mo bá wálé. Mò ń kó wọn jọ, mò ń fi maikirosíkóòpù ya oríṣi kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri dúdú, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ló sì ń jẹni. Mo wá a dé Ìnísà, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Òkukù, mò ń yẹ inú ògbólógbòó táyà wò. Mi ò rí tó nǹkan. Àṣé iwájú ilé wa n'Íkìrun níbí ló fi ṣe ilé: inú ife sìmẹ́ǹtì méjì tí bíríkìlà mọ sórí sàréè yín fún òdòdó. Tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn kún ibẹ̀ bámúbámú.

Màámi máa ń pààrọ̀ òdòdó yín tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àmọ́ wọn kì í da omi nù. Ṣe ni wọ́n ń bu kún un. Mo na ọwọ́ sí i.

“Háà! Má dán an wò! Omi bàbá ẹ lo fẹ́ dànù? Ìwọ tí o ò sí ńlé tá a fi sin ín?”

Físà ni ò jẹ́ n dé, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀?

Mo ní kí wọ́n wá wo tanwíjí náà nínú maikirosíkóòpù. Wọ́n wò ó dáadáa. “Ẹ̀fọn ò ní pa wá, lórúkọ Jésù.” Ni wọ́n bá tún lọ bu omi.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ki etí nẹ́ẹ̀tì mi bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀fọn tó bá há sínú ẹ̀ pa? Bí mo ṣe há rèé. Tí mo bá yọ́ omi yẹn dà nù, Màámi á mọ̀, wọn ò sì ní dárí jì mí. Tí mo bá fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ ayálégbé wa ń bẹ níbẹ̀. Táìsì orí sàréè yín tutù, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré látàárọ̀, wọ́n ń họ ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá bá Màámi sọ lójú àlá nìkan ló ń wọ̀ wọ́n létí báyìí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má ta mọ́tò yín, wọn ò sì tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún yà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ má dárúkọ ẹ̀fọn. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé òùngbẹ ò gbẹ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ò ráyè kí yín pé ó dìgbóṣe, tó sì fẹ́ràn yín títí di ìsinyìí.