Òkú Ọba Tó Dá Ìyá Rẹ̀ Lóhùn

Ẹ̀gbọ́n olóòtú ètò orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, nítorí gbogbo ìlú Ọ̀kà ló mọ̀ mí.

Ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, ẹgbẹ́ eré ọmọdé àdúgbò wa lọ ṣeré ní Ìkàrẹ́. Èmi ni ọba tó kú. Bí wọ́n ṣe gbé mi wọlé lórí pákó, ìyá mi fò dìde láàrin èrò, ó figbe ké orúkọ mi. Wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé. Mo ní, "Mà!"

Àwọn ará Ìkàrẹ́ rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì méjì fi ṣẹ́.

Ní Kérésì yìí, àwa tá a ti dàgbà fẹ́ tún eré náà ṣe. Àǹtí Eunice tó ń darí wa ní, "Ìwọ òkú yìí, tó o bá tún sọ̀rọ̀, màá sin ẹ́ lóòótọ́."

Ìyá mi náà ní, "Màá pè ẹ́ o. Kí n pè ẹ́ lójú gbogbo ayé, kó o má dáhùn!"

Iwájú gan-an ni ìyá mi máa jókòó. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kú ni, àbí kí n dáhùn?