Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Rẹ Ẹ̀yìn Mọ́tò Náà Sílẹ̀

Bektur ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà nílé ní Osh? Meerim àbúrò rẹ fi fọ́tò Mẹ́sídíìsì wa ránṣẹ́. Ríìmù tuntun náà ń dán gbinrin! Mo fi han ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Istanbul níbí. Ó ní, "Burul, kí ló ṣe mọ́tò yín tó fi kúnlẹ̀ bíi ràkúnmí?" A rẹ́rìn-ín títí.

Meerim ní iwájú nìkan lẹ tíì rẹ̀ sílẹ̀, pé lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ máa gé sípíríngì ẹ̀yìn. Jọ̀ọ́, fi ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò bínú o. Mò ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ẹ̀yìn ni n óò sì jókòó sí. Ìbàdí mi ò tíì fẹ́ kí n máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ púpọ̀. Mo yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, nǹkan kékeré ni; dókítà kàn fi irin díẹ̀ sí i. Ìyá arúgbó ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa gbé e dìde.

Tí o bá wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú, má gbé nǹkankan lọ́wọ́. Apá rẹ méjèèjì ni mo máa nílò.

Bá mi kí bàbá rẹ. Sọ fún un pé ìsinmi ni mo gbà, ara mi le.

Ìyá rẹ,
Burul