Ìwé Tó Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àwọn ọmọ ò ṣòjòjò? Ọlọ́run tí kì í sùn á máa ṣọ́ yín fún mi. Ara mi le, inú ló ń bí mi, ilé ìtọ́jú arúgbó tí o ní kí a gbé bàbá rẹ lọ ló sì fà á.

Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì kan mú bírò, ó ní kí ni bàbá kì í jẹ, ṣé ó ń dá jẹun, ṣé omi kì í há a lọ́fun. Mo wo ọmọdébìnrin yìí títí. Obìnrin wo ló ń tú àṣírí ọkọ ẹ̀ fún àlejò? Mo ní kò sí oúnjẹ tí ọkọ mi ń kọ̀. Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ bá mi jiyàn.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ bàbá rẹ ti ń gbọ̀n láti ìgbà àìsàn yẹn. Nílé, èmi ni mo ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, tí ẹnì kan bá wọlé, màá gbé ṣíbí sílẹ̀ kíá. Níbẹ̀, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran líle síwájú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń dà sórí aṣọ, ó rù títí ṣòkòtò fi ń já bọ́ nídìí ẹ̀. Mo bá wọn jà. Mo ní ṣé ẹ ò lójú ni? Nọ́ọ̀sì yẹn ní òun lójú, ṣùgbọ́n ojú òun máa ń bá òun lọ sílé nírọ̀lẹ́, ìwé ni kì í lọ, ohun tí mo sì sọ ló wà níbẹ̀. O ò rí ọmọ aráyé!

Ni òun fúnra ẹ̀ bá jókòó wo bàbá rẹ bó ṣe ń jẹun, ó kọ ìwé míì: kí wọ́n máa lọ oúnjẹ ẹ̀ kúnná, kí wọ́n máa po nǹkan mọ́ omi ẹ̀ kó lè ki, kó má baà há a. Ó gbé ṣíbí kan wá tí ìdí ẹ̀ tó ọmọ odó, àwo tó ní ògiri létí, àti rọ́bà kan tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwo. Rọ́bà náà ń lẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí, ó ṣì ń lẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kí àwo má baà yọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, bàbá rẹ gbá ṣíbí mú, ó jẹun mọ́ àwo.

Ohun tó wá bí mi nínú ni pé wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ òkè bẹ́ẹ̀dì, ní gbangba. Ọwọ́ bíríkìlà tó kọ́ ìdajì ilé àdúgbò wa, kí ẹni tó wá kí aláìsàn máa kà á pé ó ń gbọ̀n! O ní kí n fi fóònù ya ìwé náà ránṣẹ́, mo yà á, imú ara mi ni mo ń rí, ìdí nìyẹn tí o fi gba àwòrán imú. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bo ìwé náà, mo sì lọ sílé, ọkàn mi balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì míì ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ ló rí, kò rí ìwé. Ó bu omi lásán fún bàbá rẹ. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà tí mo gbọ́ ikọ́ náà. Nígbà tí mo fi máa wọlé, ojú ẹ̀ ti yí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, èmi ń ké pé kí wọ́n gbà mí. Ó pẹ́ kó tó mí. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló fi aṣọ síbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á kúrò.

Ní báyìí, kí nọ́ọ̀sì tó wọlé tán ni mo ti ń pariwo pé kó ka ìwé. Wọ́n ní mo ń yọ àwọn lẹ́nu. Kí wọ́n máa binú lọ.

Fi owó ránṣẹ́ kí n ra irú ṣíbí àti àwo yẹn sílé dè é. Má fi sí báǹkì o, ẹ̀rọ ara ògiri wọn ń béèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi, èmi ò sì lè máa sọ àṣírí fún ògiri. Fi rán awakọ̀.

Ọlọ́run á dá ẹ sí, á jẹ́ kí ọmọ tọ́jú ìwọ náà. Kò ní jẹ́ kí o bo àṣírí ẹni tí o fẹ́ràn títí tí yóò fi kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni,
ìyá rẹ.