Balógun Yín Ti Padà Sílé

Ẹ̀gbọ́n mi Mukáílà, mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Libreville. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́. Iṣu wa ní Bessé ta dáadáa.

Ẹ má bínú: èmi ni mò ń jọba nínú eré ogun àtijọ́ tí ẹ fi sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Mo rán Balógun yín lọ sí ẹnubodè, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí ọba já wálẹ̀ láti àádọ́rùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ku díẹ̀ kó dìtẹ̀. Mo fẹ́ pa á ni Ìyá bá ké mọ́ mi:

“O rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sọ́nà jíjìn, o ò bèèrè rẹ̀. Kí lo fẹ́ kó ṣe? Pè é wálé!”

Mo pè é, mo fún un lóyè àti ilẹ̀. Ó ti di tiwa padà, ìjọba yín kò bà jẹ́. Ọkàn mi wá balẹ̀.

Ìyá bá tún ní: “Mukáílà ńkọ́? Ìgbà wo la bèèrè rẹ̀ gbẹ̀yìn?”

Èlùbọ́ tó bá lẹ́tà yìí wá, Ìyá fúnra wọn ló gún un. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ wálé.

Àbúrò yín,
Mufidátù